Ọlọ́kadà Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ṣírò bátìrì kí ẹ tó ra alùpùpù oníná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún owó epo bẹntiróòlù ni àwọn ọlọ́kadà ń sun láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ l'Ábùjá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọjọ́ náà tó dé, bíi ₦190 ni wọ́n ń ta lítà kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé-epo. Ó ti lọ sókè, ó ti wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá. Ẹni tó bá ń gbé èrò láti Lagos Garage lọ sí Ìta-Alẹ̀, tàbí láti Ìbàdàn Garage lọ sí Mọ́lípà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bó ṣe rí fún un. Owó tó ń pa kò pọ̀ tó bí owó tó ń rà epo ṣe ń pọ̀ sí i.

Inú ẹkún yìí la ti ń gbọ́ nípa alùpùpù tó ń lo iná mànàmáná dípò epo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan mọ́. Lọ́dún 2023 yẹn náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ìrìnnà tuntun l'Ábẹ́òkúta, bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì àti alùpùpù oníná sì wà nínú rẹ̀. L'Ékòó, ilé-iṣẹ́ MAX, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015 láti máa fi alùpùpù jíṣẹ́, ti bọ́ sídìí alùpùpù oníná láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé: ṣé èrè wà níbẹ̀, àbí gbèsè tuntun ni? Ìdáhùn wa ni pé èrè wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n á ní ẹ ò ní í ra epo mọ́, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kì í tètè sọ ni pé bátìrì ló gbapò epo, ibi tí ẹ bá ti ń rí iná ló sì gbapò ilé-epo. Ẹni tó bá ṣírò méjèèjì kó tó sanwó á jèrè. Ẹni tí kò bá ṣírò wọn lè ta alùpùpù àtijọ́ rẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

BÁWO LÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Alùpùpù tí a mọ̀ ní ẹ́ńjìnnì, kabúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì, sálẹ́ńsà, jíà, ó sì ń mu ọ́ìlì. Alùpùpù oníná kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ohun mẹ́ta ló gbé e ró. Èkíní ni bátìrì ńlá tó sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé inú ríìmù gan-an ni wọ́n ń fi sí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni àpótí kékeré kan tó ń pín iná: bí ẹ bá ti yí ọwọ́ ọ̀tún, òun ló máa pinnu iye iná tó máa lọ láti bátìrì sí ẹ̀rọ náà.

Nítorí pé ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kéré, ohun tó lè bàjẹ́ náà kéré. Kò sí pé ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kò sí pé púlọ́ọ̀gì dọ̀tí, kò sí pé ẹ ń ta á ní ẹsẹ̀ láàárọ̀ títí òógùn á fi bò yín. Táyà, bíréèkì, àtùpà àti bérìnì ló kù tí ẹ ó máa tọ́jú. Ọ̀dọ̀ rẹwáyà lẹ ó sì máa lọ nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò ní èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì ju ti fáànù lọ. Ẹni tó ń jókòó sórí ọ̀kadà láti aago mẹ́fà àárọ̀ di alẹ́ mọ ohun tí èéfín àti ìgbọ̀nrìrì ń ṣe sí àyà àti ẹ̀yìn, nítorí náà àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí bátìrì kan lè gbé yín dé, ẹ wo ara rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ iye fóòtì rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà mìíràn tí lẹ́tà Ah tẹ̀ lé. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìsọdipúpọ̀ èkejì, kí ẹ fi 1,000 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye yúníìtì iná tó wọ inú rẹ̀, yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà ilé yín. Bátìrì fóòtì 72 tó jẹ́ 40Ah á gba bíi yúníìtì 2.9. Láàárín ìgboro, tí èrò kan bá wà lẹ́yìn, yúníìtì kan lè gbé alùpùpù oníná rìn tó kìlómítà 25 sí 30. Nítorí náà, bátìrì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò yẹn á gbé yín rìn tó bíi kìlómítà 80 kó tó kú.

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé á rin kìlómítà 120. Ó lè máà purọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo tí kò sanra ni wọ́n fi máa ń dán an wò, lórí títì tó tẹ́jú, pẹ̀lú eré jẹ́jẹ́. Ẹ ò lè fi ìyẹn wé ẹni tó gbé ìyá ọlọ́jà kan àti àpò gàrì rẹ̀ láti Ọ̀kè-Àjẹ lọ sílé. Iyekíye tí wọ́n bá pè fún yín, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìyókù ṣètò iṣẹ́ yín.

OWÓ EPO ÀTI OWÓ INÁ

Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́kadà kan tó ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́. Alùpùpù elépo tí ara rẹ̀ dá, tó ń gbé èrò, tó ń dúró tó ń lọ, lè fi lítà kan rin bíi kìlómítà 40. Lítà méjì àbọ̀ ni ìyẹn lójúmọ́. Ká ní ₦900 ni lítà kan, ₦2,250 ló ń bá epo lọ.

Alùpùpù oníná á lo bíi yúníìtì 3.5 fún kìlómítà 100 yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo iná tó bá jáde lára ògiri kọ́ ló ń dé inú bátìrì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á di ooru lára ṣájà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní yúníìtì 4. Àwọn tó wà ní Bándì A, tí wọ́n sọ pé iná gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ni wọ́n fi ₦225 lé lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, kí wọ́n tó gé e wálẹ̀ sí bíi ₦209 láàárín ọdún náà. Ká fi ₦210 ṣe ìṣirò tiwa. Yúníìtì 4 jẹ́ ₦840.

Ẹ yọ ₦840 kúrò nínú ₦2,250, ₦1,410 ló kù. Ní ọjọ́ 26 tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ₦36,660 ni. A kò tíì ka owó ọ́ìlì, a kò tíì ka owó mẹkáníìkì. Bí owó epo àti owó yúníìtì ládùúgbò yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi tiyín dípò, kí ẹ tún un ṣírò. Ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń polówó alùpùpù oníná máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Àwa ò ní í parí rẹ̀ síbí, nítorí ìdajì ìṣirò ṣì wà nílẹ̀.

BÁTÌRÌ NI OWÓ WÀ

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, a mọ ẹṣin. Àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba mọ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ijó ẹṣin, ọjọ́ gbogbo ni oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù oníná rí. Ojoojúmọ́ ni bátìrì rẹ̀ ń gbó díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá ń rí i, bí ẹ kò sì rí i.

Oríṣi bátìrì méjì ló wà lọ́jà. Èkíní ni bátìrì òjé, irú èyí tó wà nínú mọ́tò. Ó wúwo, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣájì rẹ̀ láti òfo dé kíkún bíi ìgbà 300 sí 500, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Èkejì ni bátìrì lítíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ó fúyẹ́, ó gbówó lórí, ṣùgbọ́n èyí tó dára nínú rẹ̀ lè gba ṣájì tó ìgbà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní ẹ ra bátìrì lítíọ̀mù ní ₦600,000, tí yóò gba ṣájì ìgbà 1,000. Ẹ fi 1,000 pín ₦600,000. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣájì rẹ̀ kún, ₦600 lára bátìrì náà ti lọ. Nígbà tó jẹ́ pé kìlómítà 80 ni ṣájì kan ń gbé yín dé, tí ẹ sì ń rin 100, ṣájì kan àti ìdámẹ́rin lẹ ń lò lójúmọ́. ₦750 nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,410, ₦660 ló kù lójúmọ́, tó jẹ́ ₦17,160 lóṣù. Èyí ni èrè tó dájú. Kò tó ₦36,660 tí wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n owó gidi ni.

Ká ní bátìrì òjé lẹ rà ńkọ́, ní ₦220,000, tó gba ṣájì ìgbà 300? ₦733 ni ṣájì kan á jẹ lára rẹ̀, tó jẹ́ bíi ₦917 lójúmọ́. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ẹ ó tún fẹ́ ra òmíràn. Ẹ ò rí i pé èyí tó pọ́ọ́kú lójú ló wọ́n jù nínú iṣẹ́? Owó àpẹẹrẹ la fi ṣe ìṣirò yìí o. Ẹ bèèrè owó bátìrì gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì alùpùpù elépo náà ń gbó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni owó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ń wá, ṣùgbọ́n owó bátìrì máa ń já lu ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ alùpùpù oníná di èyí tí wọ́n gbé tì sẹ́yìnkùlé nìyẹn. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Olówó rẹ̀ ni kò rí owó bátìrì tuntun.

Ìwòsàn rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ dá àjọ bátìrì. Kí alájọ máa gba ₦750 yẹn lójoojúmọ́, bí a ṣe ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀, nígbà tí bátìrì bá ti ń rẹ̀, owó òmíràn á ti wà nílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bá sì fẹ́ ṣe é papọ̀, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé òkè òkun ni bátìrì ti ń wá, bí dọ́là bá gbówó sí i, bátìrì náà á gbówó sí i, nítorí náà ẹ máa yẹ owó àjọ náà wò lọ́dọọdún.

NÍBO LẸ Ó TI RÍ INÁ?

Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní agbègbè wa ni IBEDC, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ PHCN ní ìparí ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Kí ẹ tó ra alùpùpù oníná, ẹ mọ Bándì tí àdúgbò yín wà. Wákàtí 20 ni ti A, 16 ni ti B, 12 ni ti C, 8 ni ti D, 4 sì ni ti E. Owó yúníìtì Bándì A ló ga jù, àwọn tó kù kéré sí i dáadáa, ṣùgbọ́n iná tí kò wá kò ní í ṣájì ohunkóhun.

Bátìrì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí máa ń gba bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lórí ṣájà tó wọ́pọ̀ kó tó kún. Agbára tí ṣájà náà ń fà kò tó ti áyọ́ọ̀nù. Bí iná bá ń wà ládùúgbò yín láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, ẹ ti rí ilé-epo yín. Bí ẹ bá lè rí ibì kan nítòsí ibùdókọ̀, bóyá ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ní mítà tirẹ̀, tí ẹ ó ti máa ṣájì fún wákàtí kan tàbí méjì lọ́sàn-án nígbà tí èrò ò pọ̀, kìlómítà 100 lójúmọ́ kò ní í ṣòro.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “I better pass my neighbour” kì í sábà mú ju yúníìtì kan àti díẹ̀ jáde nínú lítà epo kan. Kó tó fún yín ní yúníìtì 4, yóò ti mu bíi lítà mẹ́ta. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ọ̀kadà elépo ń mu fún ìrìn kan náà! Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì alùpùpù oníná kò tíì bọ́ lọ́wọ́ epo. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé padà sílé-epo.

Oòrùn wà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Páálí sólà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 450 lè pèsè bíi yúníìtì 4 lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí òjò àti kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, kò ní í tó bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà mẹ́wàá bá para pọ̀ ṣe é sí ibùdókọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wá pẹ̀lú agbára tó kọjá bó ṣe yẹ, òun ló sì ń jó tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wa. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ ra sítébíláísà.

ÀWỌN TÓ Ń PÀÀRỌ̀ BÁTÌRÌ

Àwọn kan ti rí ọ̀nà tí ọlọ́kadà kò fi ní í ru ẹrù bátìrì rárá. Lórílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́dún 2022. Bí ẹ ṣe ń fi ìgò òfìfo pààrọ̀ ìgò tí mínírà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọlọ́kadà á dé ibùdó wọn, á fi bátìrì tó ti kú sílẹ̀, á gba èyí tó kún, á sanwó, á sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ni bátìrì. Bó bá gbó, àwọn ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Ó yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọlé lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Benin, títí kan àwọn Yorùbá Kétu, Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀, fi ń lo epo tí wọ́n ń gbé láti Nàìjíríà kọjá ẹnubodè. Ọjọ́ tí owó ìrànwọ́ dópin níbí ni owó epo ẹ̀bá ọ̀nà wọn náà fò sókè. Ní Kigali, olú-ìlú Rwanda, ilé-iṣẹ́ Ampersand ti ń pààrọ̀ bátìrì fún àwọn ọlọ́kadà láti ọdún 2019. Nígbà tó sì di oṣù kìíní, ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ní alùpùpù tuntun tí wọn yóò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbígbé èrò ní Kigali gbọ́dọ̀ jẹ́ oníná.

Àǹfààní ètò yìí ni pé owó tí ẹ ó kọ́kọ́ kó jáde máa ń dínkù, ẹ ò sì ní í dúró de ṣájì. Ewu ibẹ̀ ni pé ibi tí ibùdó wọn bá wà ni ìrìn yín mọ. Bí ibùdó kan ṣoṣo bá wà, tí ìlà sì gùn níbẹ̀, tàbí tí ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, alùpùpù yín di àga ìjókòó. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú ètò yìí wá bá ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó kọ́kọ́ bèèrè pé ibùdó mélòó ló wà, àti níbo. Kí ọwọ́ yín sì fi ọwọ́ kan ìwé àdéhùn, pàápàá bó bá jẹ́ háyà-pọ́ṣéèsì: ẹ wo iye tí ẹ ó san lójúmọ́, iye oṣù tí ẹ ó fi san án, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí bátìrì bá kú kí ẹ tó san gbèsè tán.

BÍ A ṢE Ń GÙN ÚN

Ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn kò ní í pẹ́ mọ èyí, ṣùgbọ́n ohun mélòó kan wà tó gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn.

Ẹ má yí ọwọ́ rẹ̀ lójijì. Alùpùpù elépo máa ń mí kó tó sáré. Oníná kì í mí. Bí ẹ bá ti yí i ni gbogbo agbára rẹ̀ dé, ó sì lè já èrò ẹ̀yìn yín sílẹ̀. Ẹ gbéra jẹ́jẹ́. Ó tún ń dá bátìrì sí.

Ẹ máa fọn fèrè. Ẹni tó ń kọjá títì ní Fọlágbadé tàbí ní Ọ̀kè-Àjẹ ti fi etí kọ́ bí ọ̀kadà ṣe ń bọ̀. Tiyín kò ní ariwo, kò sì ní í gbọ́ yín. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kí ẹ ṣọ́ jù.

Ẹ má jẹ́ kó kú pátápátá. Bó bá ti ku bíi ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lọ ṣájì rẹ̀. Bátìrì tó bá ń kú dé òfo lójoojúmọ́ kì í pẹ́ láyé. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti inú oòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó so ó mọ́ iná.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà lárààárọ̀. Táyà tó rọ̀ ń jẹ iná. Bẹ́ẹ̀ ni èrò méjì lẹ́yìn ń jẹ ẹ́, òfin kò sì fàyè gba èrò méjì tẹ́lẹ̀.

Òjò kì í pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀kún omi lè pa á. Ẹ má wọ inú omi tó bo àárín táyà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò yin omi ẹ̀rọ sí i lára.

Ẹ má ṣájì rẹ̀ nínú yàrá tí ẹ̀ ń sùn. Ṣájà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ lò. Bátìrì lítíọ̀mù tó bá gba ṣájì tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tó ti wú, lè gbiná, iná náà kì í sì í tètè kú. Bó bá wú, tó sì ń rùn, ẹ gbé e jáde síta gbangba, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti òfin, alùpùpù ni alùpùpù ń jẹ́. Nọ́ńbà ń bẹ fún un, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ń bẹ fún un, akoto sì ń bẹ fún un. Ẹ ò gbàgbé oṣù kìíní, ọdún 2009, tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn máa dé akoto, tí àwọn kan fi igbá àti ike ọ̀dà bo orí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Orí tí kò ní akoto kò mọ̀ bóyá epo tàbí iná ló ń gbé òun lọ.

Ẹ má sì gbé e gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò jù ú lọ. Ìbàdàn lè gba gbogbo bátìrì náà tán kí ẹ tó débẹ̀, Èkó sì kọjá agbára rẹ̀.

ẸNI TÍ KÌ Í ṢE ỌLỌ́KADÀ ŃKỌ́?

Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó kàn fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kó sì padà kò nílò alùpùpù ńlá. Kẹ̀kẹ́ oníná wà fún un, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà bíi ti Raleigh àwọn bàbá wa, tí ẹ̀rọ kékeré kan sì ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀, fóòtì 36 tó jẹ́ 10Ah, gbà díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì kan lọ. Bíi ₦85 ló máa fi kún lórí iye owó tí a fi ṣírò lókè, á sì gbé ènìyàn rìn tó kìlómítà 30. Ẹ lè yọ bátìrì náà gbé wọ ọ́fíìsì. Bó bá kú lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín ṣì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjàgun lè fi ìyẹn dá owó ọkọ̀ sí, àmọ́ kó ra ìdè tó nípọn mọ́ ọn, nítorí kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ kò ṣòro gbé sá lọ.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Irú bátìrì wo ni, òjé tàbí lítíọ̀mù? Èló ni òmíràn, ṣé ó sì wà nílẹ̀ báyìí? Ọdún mélòó ni ìwé ìdánilójú rẹ̀, ṣé ó kan bátìrì tàbí ara alùpùpù nìkan? Ta ló máa tún un ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, láìjẹ́ pé a gbé e lọ s'Ékòó? Ṣé mo lè fi èrò kan sẹ́yìn, kí n gùn ún títí bátìrì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí n tó sanwó? Ẹni tó bá ń ta ọjà gidi kò ní í bínú sí ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín ní ẹyọ kan: níbo ni mo ti máa rí iná lálaalẹ́? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ ní sùúrù, kí ẹ ṣì máa gun elépo yín lọ ná. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá sì jẹ́ iná ìjọba tó dúró tàbí sólà, tí ẹ sì ti rí alájọ tí yóò máa gba owó bátìrì lójoojúmọ́, ẹ lè lọ rà á. Kí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé ilé.